Písítìnì Tí Kò Jẹ́ Kí N Délé Ọkọ

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹwàá, 2018

Mo ti lọ́kọ. Láti ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi bí omi gbígbóná, n kò lè gbé e mì, n kò sì lè tu ú dà sílẹ̀, nítorí náà ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún. Èmi Moríyọ̀, ọmọ Múrítàlá tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù, ti di ìyàwó Tonye ní rẹ́jísírì. Àbúrò mi Ṣìmí ló jẹ́rìí fún mi. Bọ̀ọ̀dá Mùbárákù, mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi ní Abuloma, ló jẹ́rìí fún Tonye. Gírísì wà lábẹ́ èékánná wọn, akọ̀wé fún wọn ní bébà kí wọ́n fi nu ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Òjò ń rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Òrùka mi wà lọ́rùn mi nínú okùn, lábẹ́ aṣọ.

Bó ṣe yẹ kó rí kọ́ nìyí. Ó yẹ kí rẹ́jísírì àti ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ní Okrika, ìlú Tonye, bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n Mama Ibiere, ìyá Tonye, ní kò sí ìyàwó tó gba títì wọ ilé ọkọ àwọn rí. Ọkọ̀ ojú omi tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ kó tó kú ló gbé ìyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n Tonye méjèèjì sọdá láti Abuloma, òun náà ló máa gbé mi. Wọn ò gbọ́dọ̀ háyà òmíràn. Mo ní, "Mama, afárá kúkú wà." Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí n gba ojú fèrèsé wọlé.

Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yìí sì kú sáàárín omi nínú oṣù kẹsàn-án. Bàbá mi ní kí á sún gbogbo rẹ̀ síwájú, àti pé títí àwọn ará Okrika yóò fi gbà mí lọ́wọ́ àwọn, abẹ́ òrùlé àwọn ní Rumuokoro ni mo máa sùn. A sún ti Okrika. A ò sún ti rẹ́jísírì, a ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà mo jẹ́ ìyàwó ilé tó ń fọ abọ́ bàbá rẹ̀. Ọkọ mi wà ní Abuloma nínú yàrá tó háyà fún àwa méjèèjì. Bẹ́ẹ̀dì tuntun náà ṣì wà nínú ọ̀rá. Tí a ò bá sì sọdá nínú oṣù Kejìlá, ó di Ọdún Àjíǹde, nítorí àbúrò bàbá Tonye tó máa gba ìyàwó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, inú oṣù Kejìlá àti ìgbà Àjíǹde nìkan ló ń wálé.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n tú orí ẹ́ńjìnì lónìí. Písítìnì méjì ló wà nínú rẹ̀. Ti òkè ti jó, ihò tí ọmọ ìka mi wọ̀ wà lórí rẹ̀. Ara ògiri sílíńdà tí písítìnì ń sá lọ sá bọ̀ nínú rẹ̀ ti ha bí ẹni pé ológbò ha á.

"Ìyàwó, sún mọ́bí kí o wò ó," ni Bọ̀ọ̀dá Mùbárákù wí.

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má pè mí bẹ́ẹ̀ níta.

"Kí ni kí n wá máa pè ọ́? Ọmọ Kọ́sítọ́ọ̀mù?"

Tonye rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọwọ́ nu orí písítìnì, 25 wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti gbẹ́ sílíńdà yìí tóbi lẹ́ẹ̀kan rí. A máa gbé e fún tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, kó tún un gbẹ́ sí 50 báyìí kí ojú rẹ̀ lè dán, kí á wá fi písítìnì 50 méjì sí i. Lẹ́yìn 50, kò sí ìwọ̀n mìíràn mọ́. Tí ìyẹn náà bá bàjẹ́, odindi sílíńdà la máa rà, wọ́n ní kí n má tiẹ̀ béèrè iye rẹ̀.

Wọ́n na ìka sí Tonye. "Písítìnì ni kí o kọ́kọ́ rà. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ ni tọ́nà máa wọ̀n kó tó gbẹ́ sílíńdà. O kì í rán ṣòkòtò sílẹ̀ kí o tó wá ẹni tó máa wọ̀ ọ́ lọ."

"Oga, I don hear," ni Tonye dáhùn.

Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹwàá

Èmi àti ọkọ mi lọ ra písítìnì. Mo ń kọ "èmi àti ọkọ mi" torí ó dùn ún kọ. A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Creek Road, ó ra búrẹ́dì àti àgbọn fún mi, ó di ọwọ́ mi mú nígbà tí a ń fo kòtò.

Oníṣọ́ọ̀bù kan mú páálí kan jáde, wọ́n kọ 50 sára rẹ̀, ó ní ojúlówó ni. Ó wọ́n ju bí a ṣe rò lọ. A san án. Nígbà tí a dé Abuloma, Bọ̀ọ̀dá Mùbárákù yọ písítìnì jáde, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Kò sí nọ́ńbà kankan lórí rẹ̀. Písítìnì tí wọn ò tíì fi kún ìwọ̀n rẹ̀ rárá ni, wọ́n kàn fi í sínú páálí mìíràn. Wọ́n jù ú sínú sílíńdà wa, ó ń dún koko-koko bí ṣíbí nínú ife.

Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò jẹ àgbọn yẹn mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹwàá

A dá a padà. Oníṣọ́ọ̀bù ní, "Madam, na carton I sell you. I no enter inside."

Mo bi í pé ṣé páálí ni ọkọ̀ máa fi rìn. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló mú un dá owó wa padà, ó yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ní a ti fi ọwọ́ dọ̀tí bà á.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹwàá

Òjò látàárọ̀. Kò sí iná. Mo fẹ́ràn ọkọ mi.

Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Kẹwàá

Ìjà wa àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya, orí fóònù la sì ti jà á, mo wà nínú ilé ìwẹ̀ kí Bàbá má bàa gbọ́.

Tọ́nà kan ṣoṣo tí Bọ̀ọ̀dá Mùbárákù fọkàn tán fẹ́ lọ sìnkú nílé, kò ní dé títí àárín oṣù tó ń bọ̀. Tonye bá gbé sílíńdà fún un láàárọ̀ yìí pé kó gbẹ́ ẹ sí 50 kó tó lọ. Kò sí písítìnì kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì ṣòfò, òun fẹ́ kí n wá sílé.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú sí ẹni tó ní òun fẹ́ kí n wá sílé? Mo bínú ṣá. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Mùbá sọ fún ẹ."

Ó wá ní, "My wife dey vex for me," ohùn rẹ̀ sì dùn bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn. Mo gbé fóònù sílẹ̀ torí ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí.

Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kọkànlá

Kò sí ojúlówó 50 ní gbogbo Port Harcourt. Èyí tí wọn ò tíì fi kún ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀wà. Ẹnì kan ní 25 ẹyọ kan. Ẹlòmíràn ní tòkunbọ̀ méjì tí wọ́n yọ lára ẹ́ńjìnì tó ti rì sómi, ojú ibi tí ríìngì ń wà ti fẹ̀ bí ẹnu àgbà tí kò léyín mọ́. Wọ́n pe Warri, kò sí. Wọ́n pe Èkó, ẹni yẹn ní oṣù kìíní.

Sọ́ọ̀tì, eérú dúdú inú èéfín, tún ń rọ̀ láti ojú ọ̀run. Aṣọ funfun Bàbá tí mo sá síta ni mo tún fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ kí wọn ní Abuloma. A jókòó sórí pákó létí omi, àwa mẹ́ta. Omi ti fà, ẹrẹ̀ ń rùn, àwọn alákàn ń jáde. Ìwọ̀n 50 kan ṣoṣo tó wà lọ́jà ni ti Táíwàn, tí kì í ṣe ojúlówó, ìyẹn sì wà lónìí.

Tonye ní kí á dúró de ti Èkó. Ìyá rẹ̀ ti gbọ́, wọ́n ní ọkọ àwọn ò fi Táíwàn sínú ẹ́ńjìnì rẹ̀ rí, kò níí jẹ́ ìgbà ìyàwó ọmọ àwọn ló máa bẹ̀rẹ̀.

Mo bi Bọ̀ọ̀dá Mùbárákù pé ṣé Táíwàn máa gbé wa sọdá.

"Á gbé yín sọdá. Á tiẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ́, tí ẹ bá tọ́jú ẹ̀. Irin rẹ̀ máa ń wú díẹ̀ ju tojúlówó lọ tó bá gbóná, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún un. Tí àyè bá kéré, á há."

"Ṣé àyè wà nínú sílíńdà tí Tonye sáré lọ gbẹ́?"

"Tí a bá kó o wọlé la máa mọ̀."

Mo ní kí wọ́n rà á. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè dúró de oṣù kìíní. Mo fẹ́ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kọkànlá

Ó wọ̀!

Bọ̀ọ̀dá Mùbárákù ti abẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àyè bọ àárín písítìnì àti sílíńdà, wọ́n fà á, wọ́n tì í, wọ́n di ojú. Wọ́n ní bí ẹni pé tọ́nà náà mọ̀ pé Táíwàn la máa rà. Wọ́n to ríìngì sí i, wọ́n fi hàn mí pé ọfà orí písítìnì gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde, wọ́n sì jẹ́ kí n fi ọ́ìlì pa á lára. Mo ti fọwọ́ mi kàn án. Mo padà sí Rumuokoro pẹ̀lú ọ́ìlì lára ìró, Bàbá wò ó.

Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n ti to gbogbo rẹ̀ padà. Bọ̀ọ̀dá Mùbárákù ti lọ sí Ìlọrin lọ sọ ọmọ ọmọ wọn lórúkọ. Wọ́n ní a lè tan án lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí Tonye rọra wà á, kó má sáré.

Bàbá ní àwọn náà máa wá wò ó. Inú mi dùn débi pé mo din dòdò fún wọn lálẹ́.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kejìlá

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́.

Bàbá gbé kẹ́ẹ̀gì epo méjì wá nínú búùtù, wọ́n rà á ní ilé epo ní Rumuokoro. Epo náà mọ́ gaara. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní àwọn ti rí epo tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ létí omi, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi tíì, àwọn sì ti gba irú epo àyédèrú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó nígbà tí àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọkọ̀ ìgbéyàwó ọmọ àwọn kò ní mu ìdọ̀tí. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí Mama Ibiere gbọ́, torí Mama ló ń ta epo ọkọ̀ ní Okrika.

Tonye dúpẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, ó da epo náà sínú táǹkì. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnì dáhùn. Ohùn rẹ̀ dùn. Mo dúró létí omi torí mi ò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ náà kó tó di ọjọ́ mi. Ó rọra wà á lọ, ó ń juwọ́ sí mi. Ó fẹ́ẹ̀ dé ọ̀gangan ibi tí omi ti pín sí méjì nígbà tí ohùn ẹ́ńjìnì yí padà, ó tínrín, ó han, ó sì dákẹ́.

Okùn kò ṣeé fà mọ́. Ọkọ̀ èrò kan ló so ó mọ́ ìdí wá sílé. Àwọn èrò inú rẹ̀ ń kọrin ìyàwó fún un.

Táíwàn. Èmi ni mo yàn án.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejìlá

Bọ̀ọ̀dá Mùbárákù ti dé, wọ́n tún tú u. Mo ti ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó yọ nọ́ọ̀tì kìíní. Mo ní ẹ̀bi mi ni, èmi ni mo ní kí wọ́n ra Táíwàn.

"Dákẹ́ ná." Wọ́n gbé písítìnì sínú oòrùn. "Tí ó bá jẹ́ pé ó wú ni ó fi há, ibi mẹ́rin péré ló máa ha. Wo eléyìí. Gbogbo ara rẹ̀ ló ha yípo, ti òkè, ti ìsàlẹ̀. Gbígbẹ ló gbẹ."

Wọ́n ti ìka bọ táǹkì, wọ́n fi àtàǹpàkò pa á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n wo Tonye.

"Ọ́ìlì dà?"

Irú ẹ́ńjìnì yìí, inú epo rẹ̀ ni ọ́ìlì tó ń mu máa ń wà. Tonye mọ̀. Gbogbo ọmọ etí omi ló mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń wa ọkọ̀, inú kẹ́ẹ̀gì ìyá rẹ̀ ni epo ti ń wá, ìyá rẹ̀ sì máa ń fi agolo mílíìkì wọn ọ́ìlì sí i kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ́ìlì náà ló ń mú un pọ́n bíi tíì. Tonye ò po epo fúnra rẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ó jókòó sórí ẹrẹ̀. Ó ní, "Papa buy am with clean mind." Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sọ fún Bàbá. Kí á sọ pé Táíwàn ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kejìlá

Tonye sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ló sáré gbẹ́ sílíńdà, òun ló ra ohun tí kò dáa. Mama Ibiere fi gbogbo ẹnu wọn nà án. Wọ́n ní kí á fi í sí Ọdún Àjíǹde.

Bàbá náà ti ń sọ ọ́ káàkiri, wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé Táíwàn yẹn kò dáa. Epo tó dáa bẹ́ẹ̀, ó ṣì bàjẹ́." Mo ń da ọbẹ̀ sí abọ́ wọn, mi ò wo ojú wọn. Ọkọ mi ń jẹ èébú nítorí bàbá mi, bàbá mi sì tún ń bú u.

Àìkú, 9 Oṣù Kejìlá

Mo sọ ọ́.

Bàbá ń ka ìwé ìròyìn ní fàráńdà. Mo kúnlẹ̀, mo ní Táíwàn kọ́, epo ni, epo yín ni, Bàbá, kò ní ọ́ìlì, ẹ má bínú. Wọ́n ká ìwé ìròyìn sí méjì, wọ́n tún ká a sí mẹ́rin.

"Tonye mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Ó sì jẹ́ kí n máa bú òun?"

"Ó ní ọkàn mímọ́ lẹ fi rà á."

Ẹkún ti gbà mí. Mo rò pé bí mo ṣe ti wà lórí eékún yìí, kí n kúkú sọ gbogbo rẹ̀ tán. Mo fa okùn ọrùn mi jáde, mo fi òrùka hàn wọ́n.

Bàbá ò tiẹ̀ wò ó. Wọ́n ní, "Rẹ́jísírì máa ń lẹ orúkọ ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó mọ́ pátákó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwọ ò rí i níbẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yẹn pè mí láti oṣù kẹsàn-án. Mo ń dúró kí o sọ fún mi ni."

Mo di òrùka náà mọ́wọ́.

"O ò sọ. Mo wá ra epo. Epo yẹn ni mo fi fẹ́ kí yín kú oríire."

Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kejìlá

Bàbá wọ káfútáànì, wọ́n gba orí afárá lọ sí Okrika, èmi àti Tonye wà lẹ́yìn mọ́tò. Mama Ibiere wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń po epo, agolo mílíìkì wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá ní, "Mama, èmi ni mo ba ẹ́ńjìnì ọkọ yín jẹ́, kì í ṣe Tonye." Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ tán, títí kan èyí tí wọ́n sọ nípa àwọ̀ epo. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Mama Ibiere wo agolo ọwọ́ wọn. Wọ́n wo Bàbá. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn wọn.

"Customs! All these years you dey seize people load, you never tire. You come seize my own engine join."

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, ìgbà tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn gbẹ̀yìn ti pẹ́. Mama fi àga fún wọn. Wọ́n kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń po epo, Bàbá fi ọwọ́ ara wọn da ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì, ó dànù sára káfútáànì. Tonye di ọwọ́ mi mú níwájú gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n Mama kò tíì yọ Ọdún Àjíǹde kúrò. Wọ́n ní kí ẹ́ńjìnì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná.

Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kejìlá

Ásíìdì ni Bọ̀ọ̀dá Mùbárákù fi ń yọ irin tó lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà. Wọ́n ń fi í kùn ún díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń nù ún. Tí ibi tó ha lábẹ́ rẹ̀ bá jìn, ó parí, kò sí ìwọ̀n tó ju 50 lọ. Wọ́n fi omi fọ̀ ọ́. Wọ́n fi ìka wọn kiri inú rẹ̀, wọ́n dijú.

"Ìyàwó, lọ ra písítìnì wá."

"Irú èwo?"

"Irú ti ìjọ́sí náà. Táíwàn tí o yàn. Kò ṣe nǹkan kan fún ẹ."

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti dé, ètè mi ti là. Tonye wa ọkọ̀ náà láti Abuloma dé Okrika, ó sì wà á padà, jẹ́jẹ́, epo ìyá rẹ̀ nínú táǹkì. Lẹ́yìn náà ó tún lọ, ó tún bọ̀. Bọ̀ọ̀dá Mùbárákù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, wọ́n gbé etí sún mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n kàn bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ wọn, wọ́n ká a.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kejìlá

Àbúrò bàbá Tonye ti dé láti ojú òkun. Mama Ibiere pe Bàbá fúnra wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ń pe Bàbá ní "Customs." Bàbá fà mí lọ́wọ́, wọ́n ní kí n jókòó, kí n kọ ohun tí Mama ní kí n fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn: Ìyá mi tó wà ní Ẹdẹ lọ́dọ̀ ìyá wọn kí wọ́n wọkọ̀ láti Ọjọ́rú, Ṣìmí kó má sọ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun wá, Bọ̀ọ̀dá Mùbárákù kí wọ́n fọ ọwọ́ wọn dáadáa. Omi máa kún láàárọ̀, ó máa fà lọ́sàn-án, tí ó bá ti fà, ẹrẹ̀ nìkan ló kù. Mo bi wọ́n pé ẹni tó bá pẹ́ ńkọ́.

Mama gbọ́ ọ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá pẹ́, afárá kúkú wà."

Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ báyìí, mo sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú òrùka lọ́wọ́ mi: etí omi Abuloma, kí omi tó fà, àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kejìlá, 2018.